Bí A Ṣe Ń Tọ́ Akọni Pọ̀ Mọ́ Ọmọ Ogun: Ìtọ́sọ́nà sí Géèmù Ogun Alákọni

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé kò sí ìkánjú láàárín ọ̀ta àti òpè. Bí ẹnì kan bá ta tirẹ̀ tán, yóò jókòó, yóò máa wo ojú ọpọ́n, ẹnì kejì yóò sì rò ó dé ibi tó bá wù ú kí ó tó ta ọmọ. Oríṣi géèmù kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ronú lọ́wọ́ ni ọ̀tá ń kọ́lé, tó ń kó ọmọ ogun jọ, tó sì ń bọ̀ lọ́nà. Iṣẹ́ yẹn nìkan ì bá ti tó, ṣùgbọ́n ẹrù kejì tún wà lórí rẹ̀: akọni kan wà tí í ṣe tiyín, tó ní orúkọ àti ìtàn, tó ń dàgbà láti ipele dé ipele, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tọ́ bí ẹni ń tọ́ ọmọ nígbà tí iṣẹ́ ibùdó àti ti ojú ogun ń lọ lọ́wọ́ kan náà.

Òbí méjì ló bí irú géèmù yìí. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní RPG, níbi tí ẹ ti máa ń wọ awọ ẹ̀dá inú ìtàn kan, tí ẹ ó máa fún un ní ohun ìjà, oògùn àti idán tuntun bí ìrírí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Èkejì ni RTS, níbi tí ẹ ti máa ń wo pápá láti òkè, tí ẹ ó máa rán òṣìṣẹ́ lọ wa wúrà àti lọ gé gẹdú, tí ẹ ó máa kọ́ bárékè, tí ẹ ó sì máa darí ọ̀wọ́ ọmọ ogun lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé aago dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwa ará Èkìtì kò ní láti rìn jìnnà kí èyí tó yé wa. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán nílẹ̀ títí di 1893, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà jẹ́ akọni tí orúkọ wọn tó ẹ̀rù bà. Síbẹ̀, orúkọ akọni nìkan kọ́ ló mú kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró níwájú Ìbàdàn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń wá ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn kì, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ojú ogun. Bí ẹ bá jókòó ti géèmù yìí, ẹ̀yin ni akọni tó wà níwájú, ẹ̀yin náà sì ni ará Èkó tó ń wá ìbọn.

Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Adó àti ní Ọ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí. Àwọn kan fẹ́ràn akọni wọn débi pé wọ́n á máa tẹ̀ lé e kiri inú igbó, wúrà á kún ilé, bárékè á ṣófo. Àwọn mìíràn á jókòó ti ibùdó, wọ́n á kọ́lé dáadáa, akọni wọn á sì wà ní ipele kìn-ín-ní títí ọ̀tá tó ti dé ipele karùn-ún á fi wọlé dé. Kì í ṣe wúrà ló kọ́kọ́ ń tán lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá géèmù yìí, ojú ni. Ojú kan ṣoṣo lẹ ní, ibi méjì ló sì ń pè é. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ ó ṣe pín ojú yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan géèmù kan, kí ẹ sì dúró tì í

Ìmọ̀ràn mi lórí èyí kò pín sí méjì: Warcraft III ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé e jáde ní 2002, wọ́n fi àfikún rẹ̀, The Frozen Throne, kún un ní 2003, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020 lábẹ́ orúkọ Reforged. Ohun tó mú mi yàn án ni pé ìwọ̀n akọni àti ìwọ̀n ọmọ ogun inú rẹ̀ bára dọ́gba ju ti èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ. Akọni lágbára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣẹ́gun. Ọmọ ogun wúlò, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ní akọni níwájú, wọ́n á kàn máa kú ni. Ìdí kejì ni pé apá ìtàn rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ní sùúrù. Ẹ ó kọ́kọ́ bá Thrall, olórí àwọn Orc, rìn, lẹ́yìn náà ẹ ó bọ́ sọ́dọ̀ Arthas, ọmọ ọba, ohun tuntun kan tàbí méjì péré ni wọ́n sì máa ń fi hàn yín nínú ìpele ìtàn kọ̀ọ̀kan.

Àwọn yòókù dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oníkálukú wọn gbà da òbí méjèèjì pọ̀ yàtọ̀ síra. SpellForce, tí àwọn ará Phenomic ní Jámánì ṣe ní 2003, fi apá ìtàn àti ìrìn àjò ṣíwájú: akọni yín lè máa lọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ẹ ó máa jíṣẹ́ fún àwọn èèyàn, ẹ ó máa kó ohun ìjà jọ, bí ogun bá sì dé, ẹ ó kọ́ ibùdó. Warlords Battlecry, tó jáde láti Ọsirélíà ní 2000, jẹ́ kí akọni kan náà máa bá yín bọ̀ láti ogun dé ogun, kí ó má sì gbàgbé ohun tó ti kọ́. Dawn of War II, tó jáde ní 2009, yọ ilé kíkọ́ kúrò nínú apá ìtàn rẹ̀ pátápátá, ó fi ìwọ̀nba ọ̀wọ́ ọmọ ogun lé yín lọ́wọ́, ó sì ní kí ẹ máa wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù ogun. Mount & Blade: Warband, tí àwọn TaleWorlds ní Tọ́kì ṣe ní 2010, gba ọ̀nà tirẹ̀: ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó gun ẹṣin, tí ẹ ó yọ idà, tí ẹ ó sì máa pàṣẹ fún àwọn tó wà lẹ́yìn yín, ẹ ó sì máa san owó iṣẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni yóò sọ pé àwọn ti mọ irú eré yìí nítorí pé wọ́n ti ń gbá Mobile Legends lórí fóònù. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́. Inú máàpù tí àwọn olólùfẹ́ Warcraft III fúnra wọn ṣe, tí wọ́n pè ní DotA, ni irú eré yẹn ti gbalẹ̀. Ṣùgbọ́n akọni nìkan ló kù síbẹ̀: àwọn ọmọ ogun ń rìn fúnra wọn, kò sí òṣìṣẹ́, kò sí kùsà, kò sí ilé láti kọ́. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá yóò mọ bí a ṣe ń dáàbò bo akọni, ìdajì yòókù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ẹ̀rọ àti iná ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ní ẹ̀yà àtijọ́ ti Warcraft III lórí àwo, kọ̀ǹpútà tó ti gbó lè gbé e, nítorí ẹ̀rọ Pentium II tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 400 MHz, RAM 128 MB àti àyè 700 MB ni wọ́n béèrè fún nígbà náà. Reforged kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè 30 GB ló ń fẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì fi ń wọlé sí i. Ẹ má fi dátà ọ̀sán gbà á wọlé. Ẹ wá dátà òru, kí ẹ jẹ́ kí ó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín òru méjì tàbí mẹ́ta, ó máa ń rántí ibi tó dé. Ní ti SpellForce àti àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, ibi tí mo máa ń darí èèyàn sí ni GOG, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta géèmù, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ gba odindi fáìlì tí ẹ lè tọ́jú sórí fláàṣì, kí ẹ sì fi sórí ẹ̀rọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ń dà kọ fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan tí fáírọ́ọ̀sì inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ jẹ́ pátá.

Ọ̀rọ̀ iná kò kéré. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, akọni mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipele kẹfà lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, iná lọ, ẹ̀rọ orí tábìlì tí mo ń lò sì kú fin-ín. N kò fi eré náà pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí débi pé n kò tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ lè dúró fún wákàtí kan, ó kéré tán, ni mo fi ń gbá géèmù, mo sì máa ń fi eré pamọ́ ní ìgbà mẹ́ta: nígbà tí ibùdó bá dúró tán, kí n tó gbéra lọ sójú ogun, àti bí ogun bá ti tán. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tí ẹ kò lò. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi tí ẹ ó ti fi eré pamọ́ de iná, nítorí náà ẹ rí i dájú pé bátìrì kún tàbí pé ínfátà wà nítòsí.

Ẹ ra máòsì. Máòsì oníwáyà tí kò wọ́n rárá sàn ju fífi ìka wọ́ ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. N kò tíì rí ẹni tó kọ́ géèmù yìí láìsí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ àwọn bọ́tìnì kí ẹ tó kọ́ ogun

Bí mo ti sọ pé ojú ni owó géèmù yìí, bọ́tìnì ni ohun tó ń bá yín fi ojú pamọ́. Ẹni tó bá ń fi máòsì wá ohun gbogbo yóò máa rìnrìn àjò láti etí kan sí etí kejì, akọni á sì ti kú kí ó tó dé. Nínú Warcraft III, F1 ni yóò mú akọni yín àkọ́kọ́, F2 ni ti ìkejì, F3 ni ti ìkẹta. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ 1, àwọn tí ẹ ti yàn á di ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, bí ẹ bá sì tún tẹ 1 nígbàkigbà, wọ́n á dáhùn. Ọ̀wọ́ kan kì í gbà ju ọmọ ogun 12 lọ. F8 yóò mú òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ wá síwájú yín. Backspace yóò gbé yín padà sí gbọ̀ngàn ìlú, èyí tí í ṣe àárín ibùdó. Spacebar yóò gbé yín lọ sí ibi tí ohun kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Bọ́tìnì A ló ṣe pàtàkì jù lọ. Bí ẹ bá kàn fi máòsì tọ́ka sí ibì kan, àwọn ọmọ ogun á máa lọ síbẹ̀ bí adití, wọn kò ní dá ẹni tó ń lù wọ́n lóhùn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ A kí ẹ tó tọ́ka, wọ́n á máa lọ, wọ́n á sì máa bá ẹni tí wọ́n bá pàdé jà. Ọ̀pọ̀ ogun tí mo ti rí tí òpè pàdánù, ibẹ̀ ló ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ méjì gbáko ṣe èyí nìkan. Ẹ ṣí eré kan, ẹ má jagun, ẹ dín ìyára géèmù sí èyí tó lọ́ra jù, kí ẹ máa tẹ F1, 1, Backspace, F8, F1, 1, Backspace, F8, títí ìka yín yóò fi mọ̀ ọ́n láìwò. Ìlù ni mo máa ń fi wé e fún àwọn tí mo ń kọ́: ọwọ́ onílù kì í béèrè ibi tí awọ wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà: àwọn Human, Orc, Undead àti Night Elf. Human ni kí ẹ mú. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó bá òṣìṣẹ́ 5, wúrà 500 àti gẹdú 150 nílẹ̀. Ìwọ̀nba yìí kéré, ṣùgbọ́n ó ní ìṣirò tó dọ́gba tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí. Pẹpẹ tí akọni ti ń jáde, Altar of Kings, ń gba wúrà 180 àti gẹdú 50. Oko, tó ń pèsè oúnjẹ, ń gba wúrà 80 àti gẹdú 20. Bárékè ń gba wúrà 160 àti gẹdú 60. Òṣìṣẹ́ tuntun kan ń gba wúrà 75. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wúrà 495 àti gẹdú 130 ni, ó ku wúrà 5 lọ́wọ́ yín. Nǹkan mẹ́rin yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí ohun mìíràn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Lójú ẹsẹ̀, ẹ pàṣẹ òṣìṣẹ́ tuntun ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ rán òṣìṣẹ́ mẹ́ta sí kùsà wúrà, ẹ rán ọ̀kan lọ kọ́ pẹpẹ, ẹ rán ọ̀kan lọ kọ́ oko. Bí àwọn tuntun ṣe ń jáde, ẹ fi méjì kún àwọn tó wà ní kùsà kí wọ́n di márùn-ún, nítorí pé kùsà kan kì í fúnni ní èrè kankan lórí ẹni kẹfà. Àwọn tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, inú igbó gẹdú ni ọ̀nà wọn, ẹ ó sì yọ ọ̀kan nínú wọn kó lọ kọ́ bárékè. Àwọn Human ní ohun kan tí ẹ̀yà yòókù kò ní: òṣìṣẹ́ púpọ̀ lè kọ́lé kan náà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bẹ ọ̀wẹ̀, ilé á sì yára dìde, àmọ́ ẹ ó fi wúrà àti gẹdú díẹ̀ kún un, bí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gún iyán.

Ìdí tí oko kò fi gbọ́dọ̀ pẹ́ ni pé gbọ̀ngàn ìlú Human ń bọ́ ènìyàn 12 péré. Òṣìṣẹ́ 5 ti jẹ 5, akọni nìkan ń jẹ 5, ó ku 2. Oko kọ̀ọ̀kan ń fi 6 kún un. Akọni àkọ́kọ́ kì í gba wúrà, oúnjẹ nìkan ló ń gbà, nítorí náà bí pẹpẹ bá ti parí, ẹ pè é jáde láìdúró.

Akọni wo? Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Archmage ni mo fara mọ́. Idán rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ń gbà yín níyànjú láti mú ni èyí tó fi ń pe ẹ̀dá omi jáde. Ẹ̀dá náà ń jà fún ìṣẹ́jú kan, kò jẹ oúnjẹ, kò sì sí ohun tí ẹ pàdánù bí ó bá kú. Nínú apá ìtàn, Paladin ni Arthas tí ẹ ó máa lò, idán ìwòsàn rẹ̀ sì ń dá ẹ̀mí 200 padà fún ọmọ ogun kan lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mú akọni lọ sínú igbó

Káàkiri máàpù ni àwọn ẹ̀dá igbó wà, tí wọ́n ń ṣọ́ kùsà, ṣọ́ọ̀bù àti ìkóríta. Ọ̀dọ̀ wọn ni akọni ti ń rí ìrírí, ẹrù àti wúrà. Lórí máàpù kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀, àmì àwọ̀ ewé ni àwọn tó rọrùn, àwọ̀ ọsàn ni àwọn tó le díẹ̀, pupa ni àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Akọni kan pẹ̀lú ọmọ ogun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún àwọn aláwọ̀ ewé. Bí alẹ́ bá lẹ́ nínú eré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá yìí máa ń sùn, èyí jẹ́ kí ẹ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìjà.

Ìrírí 200 ni akọni nílò kó tó dé ipele kejì, 500 kó tó dé ìkẹta, 900 fún ìkẹrin, 1,400 fún ìkarùn-ún, 2,000 fún ìkẹfà. Ipele kẹwàá ni òpin. Nínú ìjà láàárín àwọn òṣèré, akọni tó bá ti dé ipele karùn-ún kò ní rí ìrírí kankan lọ́dọ̀ ẹ̀dá igbó mọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ọ̀tá nìkan ló kù. Ibi yìí ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn igbó ni, kí akọni má baà di ọdẹ tí kì í wálé. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá lọ bá ọ̀tá kò ní dàgbà.

Ìrírí ń pín fún àwọn akọni tó bá wà nítòsí ìjà. Bí akọni mìíràn bá wà níbi ìjà, èyí tó wà nílé kò ní rí tirẹ̀ gbà. Àpò akọni ní àyè 6 fún ẹrù, ó sì pọn dandan kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé tí wọ́n ń pè ní Scroll of Town Portal, tí iye rẹ̀ jẹ́ wúrà 350. Egbé tí àwọn baba wa ń sọ ni: bí ogun bá burú, yóò gbé akọni àti àwọn tó yí i ká padà sílé. N kò mọ ẹrù mìíràn tó gba ogun là tó o. Ẹ má lò ó nígbà tí akọni bá ku fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kó kú, nítorí ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ lò ó nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kù ní ìdá mẹ́ta.

Ní gbogbo àkókò tí akọni ń jà nínú igbó, ẹ má gbàgbé ìlù tí ọwọ́ yín ti kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Backspace: ṣé òṣìṣẹ́ ń jáde? F8: ṣé ẹnì kan ń ṣe ìmẹ́lẹ́? Bárékè: ṣé ọmọ ogun ń bọ̀? F1: ẹ padà sọ́dọ̀ akọni. Ìjà ẹ̀dá igbó kò gbà kí ẹ tẹjú mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kí A tí ẹ ti tẹ̀ bá yín ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti dúró

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ogun, ẹni tí ọmọ ogun rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń borí. Warcraft III fi owó ìtọ́jú ọmọ ogun dí ọ̀nà yẹn. Bí oúnjẹ tí àwọn èèyàn yín ń jẹ kò bá kọjá 50, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wúrà 10 wálé. Bí ó bá wọ 51, wúrà 7 ni yóò máa wọlé. Bí ó bá kọjá 80, wúrà 4 péré ni, 100 sì ni òpin. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá fi máa ń dúró ní 50 fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n á fi wúrà náà mú ohun ìjà gbóná sí i, tí wọ́n á sọ gbọ̀ngàn ìlú di Keep, ìyẹn gbọ̀ngàn tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n á sì lọ gba kùsà kejì. Bí wọ́n bá fẹ́ kọjá 50, wọ́n á ti pinnu ogun tí wọ́n fẹ́ lọ jà kí wọ́n tó kọjá.

Ó máa ń wù mí láti tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òun ló so òbí méjèèjì pọ̀. Níwọ̀n bí ọmọ ogun kò ti lè pọ̀ lọ títí, ẹ̀mí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níye lórí, akọni tó lè wò wọ́n sàn tàbí tó lè dáàbò bò wọ́n sì di ohun tó ṣe pàtàkì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ojú ogun

Bí ọmọ ogun méjì bá kọlura, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò, ní títẹ̀léra. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀mí akọni yín. Ẹ wo àwọn ọmọ ogun tó wà níwájú tí ẹ̀mí wọn ti kéré, kí ẹ fà wọ́n sẹ́yìn kí ẹlòmíràn rọ́pò wọn, nítorí ẹni tó bá kú ti di ìrírí fún akọni ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo akọni ọ̀tá. Òpè máa ń fi ìkẹta yìí ṣíwájú, á máa lé akọni ọ̀tá kiri pápá, gbogbo ogun tirẹ̀ á sì tú ká lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má rò pé ohun ìjà kan ló dára fún gbogbo ènìyàn. Idán ń wọ ẹni tó wọ ẹ̀wù ogun wíwúwo lára ní ìlọ́po méjì, ọfà sì ń ṣe bákan náà sí ẹni tó wọ ẹ̀wù fúyẹ́. Ọfà kan náà kò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ lára akọni. Bí ẹ bá fẹ́ wó ilé ọ̀tá, ẹ wá ohun ìjà tí wọ́n dìídì ṣe fún odi, ẹ má fi idà gún òkúta títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí akọni bá kú, ẹ ó san wúrà ní pẹpẹ kó tó jí, ó sì ń gba àkókò tó pọ̀ sí i bí ipele rẹ̀ ṣe ga sí. Ẹ má ṣe padà sójú ogun kó tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Akọni kejì

Gbọ̀ngàn ìlú tó di Keep ń fúnni láyè akọni kejì, èyí tó di Castle ń fúnni láyè ìkẹta, kò sì sí ju mẹ́ta lọ. Akọni kọ̀ọ̀kan ní idán mẹ́ta tó lè mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní idán àgbà kan tí kò lè mú kó tó dé ipele kẹfà. Ẹ má da àwọn idán náà pọ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ máa kún un dé òpin, kí ẹ fi ìkejì tì í lẹ́yìn. Bí Archmage bá jẹ́ akọni àkọ́kọ́, Mountain King ni mo máa ń fi ṣe ìkejì: òòlù tó ń jù ń dá ọ̀tá dúró lójú kan, àwọn yòókù á sì rí ibi lù ú.

Bí ẹ bá ti lè mú akọni méjì rìn láìjẹ́ kí bárékè ṣófo, ẹ lè bọ́ sínú SpellForce tàbí Warband. Ohun tí ẹ ó bá nílò níbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín.

Ohun kan tó kù láti máa ṣe lẹ́yìn gbogbo eré ni pé kí ẹ fi àtúnwò rẹ̀ pamọ́, nítorí Warcraft III ń gba gbogbo eré sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tún un wò. Ẹ ṣí i, kí ẹ mú ìwé àti bírò. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí i pé wúrà ti kọjá 600 tí bárékè sì dákẹ́, ẹ kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí akọni wà nígbà náà síwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú kẹfà sí ìkẹjọ ló ń pọ̀ jù nínú ìwé yín, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti kọ́, ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú kẹfà nínú eré tó kàn, kí ó máa pè yín padà sílé.